Lúdò Títa ní Òkè-Àfà: Bí A Ṣe Ń Ta Á, Bí A Ṣe Ń Ka Á, àti Ohun Tí Ó Kan Olùdánwò Níbẹ̀

1. Ìfáàrà

Nígbà kan tí àwa olùkọ́ mélòó kan jókòó láti máàkì ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì, ìdáhùn kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ìbéèrè náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé eré ìdárayá kan tí wọ́n máa ń ṣe ní àdúgbò rẹ̀. Ọmọ náà kọ̀wé lórí lúdò ní Òkè-Àfà. Ó kọ ojú ewé kan àbọ̀, ó sì hàn gbangba pé ó mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jáde nílé, bí wọ́n ṣe ń pa á lọ́nà, àti bí ó ṣe ń wọlé. Ọ̀kan nínú wa fún un ní òdo, ó ní lúdò kì í ṣe eré Yorùbá. Ẹlòmíràn fún un ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó ní ọmọ náà dáhùn ohun tí a bi í. Nígbà tí a bi ara wa léèrè bóyá òfin eré náà tí ọmọ yìí kọ tọ̀nà, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà. A ń fún ọmọ ní máàkì lórí ohun tí àwa fúnra wa kò mọ̀ dájú.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ ṣe. Èkíní, a ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ta lúdò àti bí a ṣe ń ka iye rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta á ní Òkè-Àfà àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó. Èkejì, a ó tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí eré náà ń lò, nítorí pé ibẹ̀ ni èrè wà fún olùkọ́ èdè. Ẹ̀kẹta, a ó sọ ohun tí a rò pé ó yẹ kí olùdánwò gbà àti ohun tí kò yẹ kí ó gbà. Èrò wa ni pé àlejò ni pátákó lúdò láàárín wa, ṣùgbọ́n inú èdè Yorùbá ni àwọn tí ń ta á ti ń ta á. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ lé e kúrò ní kíláàsì láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Òkè-Àfà wà ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè (1979 sí 1983) kọ́ fún ará ìlú wà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Jákàńdè Ẹ́séètì. Ará Ìjẹ̀bú, ará Ọ̀yọ́, ará Èkìtì, Ìgbò àti Hausa ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ ní ọ̀sán, ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tàbí lábẹ́ igi níwájú ilé, pátákó lúdò kì í wọ́n. Ẹni méjì tàbí mẹ́rin ni yóò máa ta á, ẹni mẹ́wàá ni yóò máa wò ó, tí àwọn òǹwòran yóò sì máa pariwo ju àwọn tí ń ta á lọ.

2. Ibi tí lúdò ti wá

Kí a sọ òótọ́: lúdò kò ti Ifẹ̀ wá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1896, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Eré àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Íńdíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pachisi, ni wọ́n wò ṣe é.

Nínú pachisi yìí ni ohun kan wà tí kò ní ṣe àjèjì sí Yorùbá. Dáìsì kọ́ ni wọ́n ń dà níbẹ̀, owó ẹyọ ni. Nínú oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀, owó ẹyọ mẹ́fà ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀, iye èyí tí ó bá ṣíjú sókè ni wọn yóò sì kà. Bí méjì bá ṣíjú, èjì ni. Bí mẹ́fà bá ṣíjú, ẹ̀fà ni. Bí ẹyọ kan péré bá ṣíjú, ẹ̀wá ni wọn yóò kà á sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dojúdé, 25 ni wọn yóò kà. Iye 25 yìí gan-an ni eré náà gba orúkọ rẹ̀ lára. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn, wọ́n mú owó ẹyọ kúrò, wọ́n sì fi dáìsì onígun rọ́pò rẹ̀.

Yorùbá pẹ̀lú mọ bí a ṣe ń da owó ẹyọ sílẹ̀ kí a sì ka èyí tí ó ṣíjú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórìṣà ṣe ń dá owó ẹẹ́rìndínlógún. Bí ẹyọ kan bá ṣíjú, Ọ̀kànràn ni, bí ó bá jẹ́ méjì, Èjì Òkò, mẹ́ta, Ògúndá, mẹ́rin, Ìrosùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ. William Bascom kó ọ̀pọ̀ ẹsẹ rẹ̀ jọ láti ẹnu Sàlákọ̀ọ́, ará Ọ̀yọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1980. A kò sọ pé eré ni ìdáwó yìí. Iṣẹ́ awo ni, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ da méjèèjì pọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé wíwo ojú ohun tí a dà sílẹ̀, kí a sì fi iye rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe ohun tuntun sí àwa Yorùbá.

3. Àwọn ohun èlò

(a) Pátákó. Pátákó onígun mẹ́rin ni. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Èkó ni èyí tí wọ́n fi igi ká létí, tí wọ́n sì fi gíláàsì bo ojú rẹ̀. Ilé mẹ́rin ni ó wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti búlúù. Ọ̀nà kan yí gbogbo pátákó ká, a sì pín ọ̀nà náà sí àwọn ojú kéékèèké onígun mẹ́rin. A ó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣísẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Gbogbo ìṣísẹ̀ tí ó yí pátákó ká jẹ́ 52. Yàtọ̀ sí èyí, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó wọ àárín pátákó, ìṣísẹ̀ márùn-ún ni ó sì wà lórí rẹ̀ kí a tó dé òpin.

(b) Ọmọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Àwọn kan ń pè é ní síìdì. Ṣùgbọ́n “ọmọ” tí a ń lò fún ọmọ ayò náà ni ọ̀pọ̀ ń lò fún un, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

(d) Dáìsì. Méjì ni wọ́n ń lò ní Èkó. Ojú mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Bí a bá da iye tí ó wà lójú kan pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà ní òdìkejì rẹ̀, èje ni yóò jẹ́: ení kọjú sí ẹ̀fà, èjì kọjú sí àrún, ẹ̀ta kọjú sí ẹ̀rin. Inú ife kékeré ni a ń kó wọn sí, tí a ó mì ín kí a tó dà á sórí gíláàsì.

Kí ni kí a máa pe dáìsì ní èdè Yorùbá? Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn “kèké”, nítorí pé a ní “ṣẹ́ kèké”. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì burú bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lò ó. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ rántí pé ṣíṣẹ́ kèké jẹ́ ọ̀nà láti mọ ẹni tí nǹkan tọ́ sí. Kò fi dandan jẹ́ eré. Kí ó sì kíyè sí fáwẹ́lì àti àmì ohùn: kèké tí a ń ṣẹ́ yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn, ó sì yàtọ̀ sí kẹ́kẹ́ tí a ń bù sí ojú. Ọmọ Òkè-Àfà tí ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́ yóò tètè mọ ìyàtọ̀ yìí bí a bá fi í hàn án. Ní ti àwa, “dáìsì” tí gbogbo ènìyàn ń pè é náà tó.

4. Bí a ṣe ń ta á

“Ta” ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò: a ń ta ayò, a ń ta lúdò. Bí ó bá jẹ́ ẹni mẹ́rin ni ó fẹ́ ta á, ilé kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò mú. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì, ilé méjì méjì ni wọn yóò mú, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì ní. Gbogbo wọn yóò kọ́kọ́ da dáìsì. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni àwọn ọmọ ń rìn.

Inú ilé ni gbogbo ọmọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fà nìkan ni ó lè mú ọmọ jáde. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀fà, tí kò sì ní ọmọ kankan lọ́nà, yóò gbé ife fún ẹni tí ó kàn. Bí ó bá rí ẹ̀fà, yóò fi ẹ̀fà yẹn gbé ọmọ kan sórí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ilé rẹ̀, yóò sì fi ojú dáìsì kejì rìn. Ẹni tí ó rí ẹ̀fà àti ẹ̀ta, fún àpẹẹrẹ, yóò fi ẹ̀fà mú ọmọ jáde, yóò sì fi ẹ̀ta sún un dé ìṣísẹ̀ kẹrin.

Nígbà tí ọmọ bá ti wà lọ́nà, ojú dáìsì méjèèjì dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó rí àrún àti èjì lè fi àrún sún ọmọ kan kí ó sì fi èjì sún òmíràn. Ó sì lè fi méjèèjì sún ọmọ kan ṣoṣo ní ìṣísẹ̀ méje, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ dúró lórí ìṣísẹ̀ karùn-ún tàbí ìkejì kí ó tó kọjá. Ìdúró yìí ṣe pàtàkì, nítorí ibi tí ọmọ bá dúró sí ni ó ti lè pa ọmọ ẹlòmíràn. Nínú yíyan ọmọ tí a ó sún yìí ni ọgbọ́n lúdò wà. Oríire ni ó ń fún ni ní ojú dáìsì, ṣùgbọ́n orí pípé ni ó ń mọ bí a ṣe ń ná an.

Bí ọmọ mi bá dúró sórí ìṣísẹ̀ tí ọmọ ẹlòmíràn wà, mo ti pa á. Ọmọ tí a pa yóò padà sínú ilé rẹ̀, yóò sì tún dúró de ẹ̀fà kí ó tó lè jáde. Ọmọ tí ó pa á ńkọ́? Níbí ni lúdò Èkó ti yàtọ̀ sí èyí tí a máa ń kà nínú ìwé òfin tí ó ń bá pátákó wá. Ní Òkè-Àfà àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, ọmọ tí ó bá pa ọmọ ẹlòmíràn ti wọlé nìyẹn. A ó gbé e kúrò lọ́nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ó sì kà á mọ́ àwọn tí ó ti parí ìrìn àjò wọn.

Ọmọ tí kò pa ẹnikẹ́ni yóò yí pátákó ká títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, yóò wá yà sínú ọ̀nà àárín. Iye tí ó kù gẹ́lẹ́ ni yóò mú un wọlé. Bí ó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta, tí dáìsì sì mú ẹ̀rin wá, ọmọ náà kò lè fi ẹ̀rin yẹn wọlé. A ó fi í sún ọmọ mìíràn, tàbí kí a fi í sílẹ̀. Ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọlé ni ó borí.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí ẹ̀fà. A máa ń gbọ́ tí ẹni tí kò rí ẹ̀fà ń sọ pé wọ́n ti di òun. Kò sí ẹni tí ó dì í. Ọ̀nà 36 ni ojú dáìsì méjì lè gbà jáde. Nínú wọn, 11 péré ni ẹ̀fà wà. 25 ni kò sí. Ẹ̀fà méjì pọ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú 36. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ èje ni ó rọrùn jù láti rí, nítorí pé ọ̀nà mẹ́fà ni ó lè gbà wá. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sí ibi tí ó jìn ní ìṣísẹ̀ méje sí iwájú ọmọ ọ̀tá.

5. Kíka ojú dáìsì àti oríṣi òǹkà Yorùbá

Bí a bá dúró ti pátákó lúdò ní Òkè-Àfà, òǹkà Gẹ̀ẹ́sì ni a ó gbọ́ jù: “síìsì”, “fáìfù”, “tú”. Èyí ni ó yẹ kí ó ká olùkọ́ lára, kì í ṣe pé wọ́n ń ta lúdò. Eré tí ó ń mú ọmọ ka nǹkan ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín wákàtí kan jẹ́ ànfààní tí ó bọ́ sí wa lọ́wọ́. Oríṣi òǹkà tí a ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ nínú kíláàsì wà níbẹ̀ tán:

(a) Òǹkà lásán, fún pípe ojú dáìsì: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. “Ẹ̀fà àti ẹ̀ta ni mo rí.”

(b) Òǹkà iye, fún ọmọ àti ìṣísẹ̀: ọmọ kan, ọmọ méjì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìṣísẹ̀ mẹ́fà. “Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin.”

(d) Òǹkà ipò: ìṣísẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. “Ọmọ kejì ni kí o sún.”

(e) Òǹkà àkópọ̀: méjèèjì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé.”

(ẹ) Òǹkà ìpín: ilé méjì méjì, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin.

Oríṣi kan tún wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣàlàyé pé “owó” ni ó fara pamọ́ sínú wọn: owó kan ni ó di oókan. Òǹkà owó ẹyọ ni, òun náà ni ó wà nínú “ẹẹ́rìndínlógún” tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí ó bá pe ojú dáìsì ní “ẹẹ́fà” kò ṣìṣe. Òǹkà tí àwọn baba wa fi ka ojú owó ẹyọ ni ó fi ka ojú dáìsì.

Àṣìṣe tí ó yẹ kí a gé kúrò ni kí ọmọ máa kọ “ọmọ ẹ̀rin” nígbà tí ó fẹ́ sọ pé “ọmọ mẹ́rin”, tàbí “ọmọ mẹ́rin ti wọlé” nígbà tí kò sí òmíràn tí ó kù, tí “mẹ́rẹ̀ẹ̀rin” sì ni ó yẹ.

6. Kíka iye: ta ni ó borí?

Ní ẹ̀gbẹ́ títì, kò sí ìwé tí a ń kọ iye sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọlé ni ó borí. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, àwọn tí ó kù lè máa ta á lọ láti mọ ẹni tí ó ṣe ìkejì àti ìkẹta. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, agogo lè lù kí eré tó parí. Nítorí náà a dábàá ọ̀nà ìkàwé yìí fún olùkọ́.

Kí a ka ìṣísẹ̀ tí ọmọ kọ́kọ́ dúró lé nígbà tí ó jáde sí oókan. Láti ibẹ̀, yóò tẹ ìṣísẹ̀ 51 lójú ọ̀nà ńlá, yóò tẹ márùn-ún nínú ọ̀nà àárín, òpin yóò sì jẹ́ ìkẹtàdínlọ́gọ́ta. Ọmọ tí ó wà nílé jẹ́ òdo. Ọmọ tí ó ti wọlé jẹ́ 57. Èyí tí ó wà lọ́nà jẹ́ iye ibi tí ó dé. Ọmọ mẹ́rin tí ó wọlé tán jẹ́ 228.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Agogo lù. Onípupa ti kó ọmọ mẹ́ta wọlé, ìkẹrin wà ní ìṣísẹ̀ 53. Mẹ́ta lọ́nà 57 jẹ́ 171. A fi 53 kún un, ó di 224. Onílé búlúù ti kó méjì wọlé, ìkẹta wà ní ìṣísẹ̀ 30, ìkẹrin kò tí ì jáde. Tirẹ̀ jẹ́ 114 àti 30, èyí tí ó jẹ́ 144. Onípupa fi 80 borí.

Ọ̀nà ìkàwé yìí tún jẹ́ kí a mọ ìdí tí ariwo fi máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá pa ọmọ. Ìṣísẹ̀ 13 ni ó wà láàárín ibi tí ilé kan ti ń jáde àti ibi tí ilé tí ó tẹ̀ lé e ti ń jáde. Bí ọmọ mi bá wà ní ìṣísẹ̀ kẹwàá mi, tí ó sì pa ọmọ ilé tí ó wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, ọmọ yẹn ti rin ìṣísẹ̀ 23 ní tirẹ̀. Ó pàdánù 23. Ọmọ mi fò láti 10 bọ́ sí 57, ó jèrè 47. Ìyàtọ̀ àárín wa fi 70 sún nínú ìdà dáìsì kan ṣoṣo. Abájọ tí kò fi sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ti borí nínú lúdò Èkó títí ọmọ ìkẹyìn yóò fi wọlé.

7. “Pa” àti “jẹ”

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí ni ó ń da àwọn ọmọ láàmú jù, ó sì ń da àwa olùdánwò láàmú pẹ̀lú. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ojúlé 12 ni ó wà, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kò sí dáìsì níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ojú ara wa rí ni a ń ta. Bí ọmọ tí a tà kẹ́yìn bá sọ ojúlé ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta, a ó jẹ àwọn ọmọ náà. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó pa ẹnì kejì rẹ̀ láyò. Nínú ayò, nígbà náà, ọmọ ni a ń jẹ, ènìyàn ni a ń pa.

Nínú lúdò, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ọmọ ni a ń pa. Ẹni tí ó bá borí ni a máa ń gbọ́ tí ó ń sọ pé òun jẹ, bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ọmọ ayò tí a mú kò ní padà sójú ọpọ́n mọ́. Ó ti di ìjẹ. Ọmọ lúdò tí a pa ń padà sílé, yóò sì tún jáde. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé bí eré ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ pé “a pa ọmọ mẹ́ta” nínú àlàyé lórí ayò, lúdò ni ó gbé wọ inú ayò. A gbọ́dọ̀ fi àṣìṣe náà hàn án. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé kì í ṣe àìgbọ́ Yorùbá ni ó fà á; Yorùbá eré mìíràn ni ó ń sọ.

8. Àwọn òfin tí àdúgbò kan yàtọ̀ sí òmíràn

Kí a má baà máa fa igi lé ohun tí ó tọ́, kí olùdánwò mọ̀ pé àwọn òfin wọ̀nyí kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo: bóyá ọmọ tí ó pa ọmọ yóò wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tàbí yóò máa rìn lọ, bóyá ẹni tí ó rí ẹ̀fà méjì yóò tún dáìsì dà, bóyá ọmọ méjì ilé kan tí ó dúró sójú kan lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù, àti bóyá a ó tún dáìsì tí ó fò kúrò lórí pátákó dà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó gbọ́n fi máa ń ṣe àdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà ìdí lúdò kì í ṣe ìjà ìrẹ́jẹ. Àìṣe àdéhùn ni.

9. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ àti olùdánwò

Àwọn òbí àti olùkọ́ kan yóò ní tẹ́tẹ́ ni lúdò, kò yẹ kí ó wọ ilé-ìwé. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, nítorí pé a mọ ibi tí wọ́n ti ń fi owó lé e. Ṣùgbọ́n owó tí a gbé lé e ni ó sọ ọ́ di tẹ́tẹ́, kì í ṣe pátákó. Àwọn kan ń gbé owó lé ayò náà, a kò sì yọ ayò kúrò nínú ìwé àṣà.

Ní ti ìbéèrè ìdánwò, ọwọ́ olùdánwò ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eré ìbílẹ̀ Yorùbá ni ó fẹ́, kí ó kọ “eré ìbílẹ̀ Yorùbá”. Ẹni tí ó bá kọ lúdò nígbà náà ti ṣìnà, nítorí ayò, òkòtó, àrìn, ìjàkadì àti irú wọn ni a béèrè. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá sọ pé “eré ìdárayá kan ní àdúgbò rẹ”, lúdò jẹ́ ìdáhùn gidi, a kò sì lè fi èrò tí a kò kọ sínú ìbéèrè jẹ ọmọ níyà.

Fún ìdáhùn tí ó bá jẹ́ lórí lúdò, a dábàá kí a pín máàkì mẹ́wàá báyìí: ohun èlò, méjì, ìbẹ̀rẹ̀ àti bí ọmọ ṣe ń jáde, méjì, ìrìn àti pípa, méjì, wíwọlé àti bí a ṣe ń mọ ẹni tí ó borí, méjì, ìlò èdè àti òǹkà, méjì. Kí a má yọ máàkì nítorí òfin tí àdúgbò kan yàtọ̀ sí òmíràn. Kí a yọ ọ́ bí ọmọ kò bá sọ pé ẹ̀fà ni ó ń mú ọmọ jáde, bí ó bá da òfin ayò pọ̀ mọ́ ti lúdò, tàbí bí òǹkà rẹ̀ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ilẹ̀.

Ní kíláàsì, pátákó kan àti ìlànà kan ti tó: ẹni tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì pe ojú dáìsì rẹ̀ kò ní sún ọmọ nínú ìdà yẹn. Ẹni tí ó fẹ́ borí yóò mọ “àrún” àti “ẹ̀fà” kí agogo tó lù.

10. Àgbálọgbábọ̀

A ti ṣàlàyé bí a ṣe ń ta lúdò, bí a ṣe ń ka ojú dáìsì, àti bí a ṣe ń mọ ẹni tí ó borí. A ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, ta, ọmọ, ilé, pa, jẹ, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ti ní nílẹ̀ kí pátákó náà tó dé. Ní ti ọmọ tí ìwé rẹ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀, a pe ẹni tí ó mọ lúdò ta láti bá wa wò ó. Gbogbo òfin tí ọmọ náà kọ ni ó tọ̀nà. Òǹkà rẹ̀ ni kò dára; “síìsì” ni ó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A yọ máàkì méjèèjì tí ó wà fún ìlò èdè, a tún yọ ẹyọ kan nítorí pé kò sọ iye ọmọ tí ilé kọ̀ọ̀kan ní. Méje ni a fún un. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fún un ní òdo nínú wa ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ méje náà sójú ìwé.